Ẹ Jẹ́ Kí Òdòdó Tán Ná

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìkirè kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹnikẹ́ni tó bá rí mi, ohun kan náà ló ń béèrè: kí ni mo rí ní Amẹ́ríkà? Wọ́n fẹ́ kí n ròyìn ilé gogoro, kí n ròyìn iná tí kì í kú, kí n ní gbogbo nǹkan ibẹ̀ ń dán. Mo ti dáhùn títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹni tó bá fẹ́ ilé gogoro, kó lọ wo tẹlifíṣọ̀n. Inú ló ń bí mi, ohun tó ń bí mi nínú ni mo sì fẹ́ sọ.

Àbúrò mi ni mo lọ mú wálé. Fẹ́mi ni orúkọ rẹ̀. Èmi ni ìyá wa kọ́kọ́ bí, òun ni àbígbẹ̀yìn. Ó ti pẹ́ ní New York débi pé àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní ABD nígbà tó lọ ti di ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó fún ọmọ. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé òun ń bọ̀. Ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá wa, ó kùn ún ní ọ̀dà, ó gbẹ́ kànga sí i, kò sì sùn nínú rẹ̀ rí àfi ìgbà tó wá sin ìyá wa. Nígbà tí a gbọ́ pé ara rẹ̀ kò dá, tí òun fúnra rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru lásán ni, àwọn ẹbí pé jọ. Wọ́n ní èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n, tí mo sì ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí, èmi ni kí n lọ mú un bọ̀. Wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo gbà pẹ̀lú wọn. Mo di ẹrù mi, ó di òkè òkun.

Bí wọ́n ṣe kí mi

Bí mo ti jáde sí ibi tí àwọn èrò ti ń dúró de ènìyàn wọn, mo rí Fẹ́mi, n kò sì mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin tí í kún ẹnu ọ̀nà bó bá dúró síbẹ̀, ó ti rù, kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ lè gba ọrùn méjì. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún mi níbẹ̀, lójú gbogbo òyìnbó. Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tó fẹ́ dìde, Yẹ́misí ìyàwó rẹ̀ ló fà á sókè. Láti ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n purọ́ fún wa. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan kì í sọ ènìyàn dà báyìí.

Yẹ́misí kúnlẹ̀ dáadáa, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn arúgbó ló ń tọ́jú nínú ilé wọn ní Manhattan, iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Tómi, ọmọ wọn kan ṣoṣo, obìnrin tó ti tó bímọ, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, dì mọ́ mi lọ́rùn bí ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì Ìkirè, o káàbọ̀." Mo wo bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ohùn ọmọ náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí ilẹ̀ tí wọ́n fi katakata tẹ́, gbogbo ọ̀rọ̀ ń lọ lójú kan náà. Mo ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Mo pa ìyókù mọ́nú.

Mariners Harbor ni wọ́n ń gbé, ní Staten Island, erékùṣù tí omi yà kúrò lára ìyókù ìlú náà. Ilé bíríkì tò síbẹ̀ bí ilé-ìwé, àwọn tó wá láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ló kún inú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè sódò, mo bá àwọn mẹ́rin kan níbẹ̀, mo kí wọn. Kò sí ẹni tó dáhùn. Gbogbo wọn dojú kọ ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà tó ń retí àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo tún kí wọn lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n má baà ní àwọn kò gbọ́. Ọ̀kan nínú wọn yọ nǹkan tó kì sí etí, ó wò mí, ó tún kì í padà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kí mi bí ènìyàn ní gbogbo ilé yẹn. Arúgbó obìnrin ará Puerto Rico kan ni, tí ìlẹ̀kẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí Yẹ́misí sọ fún un pé ilẹ̀ Yorùbá ni mo ti wá tààrà, ó tẹ̀ ba, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó ní, "Iya, alafia." Áńgílíkà ni mí, mo sì mọ̀ pé ìlẹ̀kẹ̀ òrìṣà ni, n kò béèrè nǹkan kan. Ṣùgbọ́n mo yíjú sí Tómi tó tẹ̀ lé wa. Mo ní, "Ṣé o rí i?" Ó ń tẹ fóònù.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Dòdò Ìkirè ni mo dì lọ fún àbúrò mi. Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ kọjá mọ̀ ọ́n: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí a pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí a fi epo pupa dín títí tó fi dúdú, tí a wá pọ́n sínú ewé. Òun ni Fẹ́mi máa ń jẹ kó tó lọ sílé-ìwé, òun ni ìyá wa fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún nígbà tí bàbá wa kú. Mo tú u sórí tábìlì. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo pálọ̀.

Fẹ́mi mú ọ̀kan, ó gbé e sí imú, ó di ojú. Ó pẹ́ kó tó là á. Lẹ́yìn náà ló gbé e padà sínú ewé.

Mo ní, "Jẹ ẹ́. Nítorí rẹ ni mo ṣe gbé e wá."

Ó ní, "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Yẹ́misí wá kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àga mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ dákun, ẹ má bínú sí wa. Bàbá Tómi ló ní ká má sọ ọ́ fún yín nílé. Kíndìnrín wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ló ń bá wọn fọ ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá lọ lónìí, wọn á sinmi lọ́la, wọn á tún lọ lọ́túnla. Wọn ò gbọdọ̀ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ lè dá ọkàn wọn dúró."

Ẹ bá mi wò ó. Ọmọ Ìkirè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá di májèlé rẹ̀. Mo ní iṣu ńkọ́? Yẹ́misí ní iṣu náà kò dára. Ẹ̀wà ńkọ́? Ẹ̀wà náà. Mo ní kó gbé omi tútù wá kí n mu kí ọkàn mi balẹ̀, Fẹ́mi náà sì bu díẹ̀ sínú ife kékeré kan. Ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń mu àgbo. Mo ní kó bu púpọ̀. Ó ní ìwọ̀nba lòun gbọdọ̀ mu lójúmọ́. Omi. Omi tí a kì í fi du ọ̀tá. Mo wo àbúrò mi tó ń ṣọ́ omi lò nínú ilé tí ẹ̀rọ omi ń ṣàn tútù tó ń ṣàn gbígbóná, mo sì jókòó síbẹ̀ tí mo ń bínú sí gbogbo ayé.

Mo ní, "Ó dára. Mo ti gbọ́. Ìgbà wo là ń lọ sílé?"

Fẹ́mi wo ojú fèrèsé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí òdòdó tán ná, Àǹtí mi."

"Òdòdó kí ni?"

"Òdòdó ṣẹ́rì. Bí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó máa ń tàn káàkiri ìlú yìí, kì í sì í pẹ́ tó fi ń rẹ̀ dànù. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí, èmi àti Yẹ́misí kì í jẹ́ kó tán kí a tó lọ wò ó. Bó bá ti tán, a máa sọ̀rọ̀ yẹn, mo ṣèlérí."

N kò tíì rí ibi tí òdòdó ti ń dá àgbàlagbà dúró láti relé rí. Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí, mo sì mọ̀ pé lọ́dọ̀ Fẹ́mi, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán yàtọ̀ sí ìlérí. Mo ní mo gbọ́.

Igi tí kò so

Lọ́jọ́ kan tí kò ní lọ sídìí ẹ̀rọ, ó ní kí n múra ká lọ wo òdòdó náà. Bọ́ọ̀sì gbé wa dé St. George, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń kó èrò lọ sí Manhattan lọ́fẹ̀ẹ́. Ọkọ̀ náà tóbi ju ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, ó sì kún fọ́fọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo jókòó ti obìnrin kan, mo kí i. Ó fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Èmi, ọ̀gá ilé-ìwé, ìyá ìjọ, ó rò pé mo fẹ́ gbé báàgì. Fẹ́mi di ọwọ́ mi mú, nítorí ó mọ̀ pé mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère obìnrin ńlá tó gbé iná sókè láàárín omi. Àwọn àlejò sáré lọ sí apá kan láti ya fọ́tò rẹ̀. Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo bi Fẹ́mi pé kí ló dé tí wọn kò wò ó.

Ó ní, "Ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀, Àǹtí mi. Ta ló ń wo ohun tí kò ní lọ?"

A dé ọgbà ńlá tó wà láàárín Manhattan. N kò ní purọ́ mọ́ igi, ó rẹwà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí inú ẹnu ọmọ tuntun, ó bo ẹ̀ka débi pé o kò rí èèpo. Ṣùgbọ́n àwọn èrò tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbádùn rẹ̀. Àgbàlagbà ń sùn gbalaja lórí koríko lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó kan wọ aṣọ funfun, ọkọ rẹ̀ gbé e pọ̀n, wọ́n ń ya fọ́tò, kò sí òbí kankan níbẹ̀. Obìnrin kan ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ̀, mo sún mọ́ ọn láti kí i kú ewu ọmọ, mo bẹ̀rẹ̀ wo inú kẹ̀kẹ́. Ajá ni. Wọ́n wọ ẹ̀wù fún un. Mo ń yíjú kúrò níbẹ̀ ni ọmọdébìnrin kan ní kí n jọ̀ọ́ sún díẹ̀, gèlè mi wà nínú fọ́tò òun.

Mo bi Fẹ́mi pé, "Kí ni igi yìí ń so?"

"Kì í so nǹkan kan."

"Kò so rárá?"

"Òdòdó nìkan ni wọ́n gbìn ín fún."

Bí igi kan bá tan òdòdó lẹ́yìnkùlé bàbá wa tí kò so, bàbá wa á gbé àdá, á fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá a nídìí, á ní bó bá tún fi di ọdún tó ń bọ̀ kó mọ̀ pé igi ìdáná ni. Níbí, ìjọba ń fi owó ìlú tọ́jú rẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan tó jókòó tì wá lórí bẹ́ǹṣì rí i pé àlejò ni mí. Ó ní mo ṣe orí ire, mo bá òdòdó náà ní ìparí, afẹ́fẹ́ kan sí i, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ó ní pípẹ́ tí kì í pẹ́ yẹn gan-an ló jẹ́ kó dára, pé ó ń rán wa létí pé àwa náà kò ní pẹ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, bí ẹni tó bu súìtì fún mi.

N kò dá a lóhùn níbẹ̀ nítorí Fẹ́mi. Ẹ̀yin ni n ó dá a lóhùn sí. Mo ti sin bàbá. Mo ti sin ìyá. Mo ti sin ọkọ. Mo bí ọmọkùnrin kan tí kò dúró kó tó mọ orúkọ ara rẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí n rí ibi tí wọ́n gbé e sí, nítorí pé láàárín wa àgbà kì í wo sàréè ọmọdé. Òbí kì í wo ti ọmọ, ẹ̀gbọ́n kì í wo ti àbúrò. Wọ́n gbé e gba ẹ̀yìn ilé jáde, wọ́n fọ ọkọ́, ó parí. Títí di òní, bí mo bá ń rìn lẹ́yìn ilé ọkọ mi, n kò mọ orí ibi tí ẹsẹ̀ mi ń tẹ̀. Igi wo ló wá fẹ́ jókòó kọ́ mi pé ayé kì í pẹ́? Ẹni tí ikú kò bá tíì kan ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ń wọ ọkọ̀ lọ wo ìparí nínú ọgbà.

Mo wo Fẹ́mi kó bá mi fi orí gbà á. Ó gbójú sókè sí igi náà, ewé òdòdó kan já bọ́ sí i lójú, kò sì yọ ọ́.

Mo gbàdúrà òjò

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣọ́ igi ṣẹ́rì kan tó wà níwájú ilé wọn bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò tí kò tètè hó. Bí mo bá jí láàárọ̀, kí n tó fọ ẹnu, mo ti dé ojú fèrèsé. Ti ọgbà ti ń tán, òun kò tíì tàn tán, ó ń kún sí i ni. Ọjọ́ mìíràn, mo rò pé ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Mo tẹ̀ lé Fẹ́mi lọ sídìí ẹ̀rọ náà. Ẹ má jẹ́ kí n sọ púpọ̀. Wọ́n tò wọ́n sórí àga bí ẹni tó ń gé irun, ẹ̀jẹ̀ wọn ń gba inú rọ́bà jáde, ó ń gba inú rọ́bà padà, àwọn kan ń sùn, àwọn kan ń wo eré bọ́ọ̀lù. Àbúrò mi ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi pé ó ń pẹ́. Nígbà tí a délé, mo sọ fún Yẹ́misí pé irú ẹ̀rọ yìí wà ní Ìbàdàn, mo ti gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ó wà, Àǹtí. Bí iná bá lọ ní àárín rẹ̀ ńkọ́?"

"A máa ra jẹnẹrétọ̀."

"Bí àwọn dókítà bá daṣẹ́ sílẹ̀ ńkọ́? Láti Ìkirè dé Ìbàdàn lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí ńkọ́?" Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó ń gé ewébẹ̀, omijé ń bọ́ sórí ọ̀bẹ, ó sì ń gé e lọ. "Èmi náà fẹ́ lọ sílé, Àǹtí. Mo ti fẹ́ lọ sílé tipẹ́."

Mo gbọ́, ṣùgbọ́n orí kunkun ni tèmi. Mo gbà pé bí mo bá lè gbé Fẹ́mi dé Ìkirè, ilẹ̀ rẹ̀ á gbà á, omi ilé á mú un lára dá. Ìwé tí mo kà kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú mi ń sọ ọ́. Nítorí náà mo kúnlẹ̀ ní yàrá mi, mo bẹ Ọlọ́run kó rọ òjò lu òdòdó. Mo fi Sáàmù bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ pé ó burú kí àgbàlagbà máa bá igi ṣe ọ̀tá.

Òjò dé. Ó rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ sì tẹ̀ lé e, ilẹ̀ mọ́, ó ku ẹ̀ka lásán. Gbogbo ìsàlẹ̀ pupa, ojú ọkọ̀ pupa, ojú gọ́tà pupa. Tómi dúró ní fèrèsé, ó ní, "Ó mà ṣe o." Mo wo ìsàlẹ̀, ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ kan kọ́ èjìká, ẹ̀rọ náà ń hu, ó ń fẹ́ òdòdó ọ̀hún lọ sínú gọ́tà. Àwọn tó ń ya fọ́tò rẹ̀ lánàá ń gba orí rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́, wọn kò wolẹ̀. Èyí tún bí mi nínú. Bí nǹkan bá ṣọ̀wọ́n lójú yín tó bẹ́ẹ̀ lánàá, ṣé kò tó ohun tí ẹ lè yà fún bó bá ṣubú?

Ṣùgbọ́n inú mi dùn ju bó ṣe bí mi lọ. Mo pe àbúrò mi. Mo ní, "Fẹ́mi, òdòdó ti tán. Ó yá."

Ibi tó mú mi lọ

Ó ní kí n wọ aṣọ òtútù, kí n bá òun jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀. N kò bi í pé ibo, nítorí mo rò pé ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú là ń lọ. Orin ni mo ń kùn lọ́nà.

A gun òkè kan, a gba ẹnu géètì irin kan wọlé. Koríko ibẹ̀ mọ́, igi pọ̀, òkun ń hàn lókèèrè. Mo rò pé ọgbà òdòdó mìíràn ni, mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn òkúta tí wọ́n kọ orúkọ sí.

Mo ní, "Fẹ́mi, ta ló kú?"

"Kò tíì sí ẹni tó kú, Àǹtí mi. Ẹ rọra, ilẹ̀ ń yọ̀."

Ó mú mi dé abẹ́ igi ṣẹ́rì kan tí òjò ti gbọn òdòdó rẹ̀ tán, tí ewé tútù ti ń yọ lórí rẹ̀. Ilẹ̀ gbalasa kan wà láàárín sàréè méjì níbẹ̀. Ó dúró. Ó ní, "Ibí ni tèmi. Tèmi àti ti Yẹ́misí. A ti rà á."

Mo kọ ẹ̀yìn sí i lójú ẹsẹ̀, mo fi ìborùn bo ojú. Fẹ́mi mọ èèwọ̀, ọmọ ilé wa ni. Bí mo ti kọ ẹ̀yìn sí i ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Mo sọ ohun tí n kò sọ sí i rí láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́n. Mo ní orí rẹ̀ ti dàrú. Mo ní ilé tó kọ́ ń bẹ, bàbá wa wà nínú yàrá rẹ̀, ìyá wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ààyè ń bẹ níbẹ̀ fún un, kí ló wá fẹ́ ṣe láàárín àwọn tí kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀? Mo ní ilé làbọ̀ ìsinmi oko, òmùgọ̀ nìkan ló ń sùn sóko.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Bó ṣe máa ń ṣe mí nìyẹn.

Ó ní, "Bí mo bá lọ sílé láàyè, mi ò ní pẹ́ kú. Ẹ ti fojú ara yín rí ẹ̀rọ yẹn."

"A máa gbé ọ wálé lẹ́yìn náà." Etí mi gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Mo wá ń bá àbúrò mi dúnàádúrà òkú rẹ̀.

"Tómi ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan ló dé Ìkirè rí, ibà sì dá a dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá gbé mi lọ síbẹ̀, ó tán láàárín èmi àti òun. Bí mo bá wà níbí, ó lè yà lẹ́yìn iṣẹ́. Ó lè jókòó tì mí."

"Àwa ńkọ́?"

"Ẹ̀yin pọ̀, Àǹtí mi. Èmi àti ìyá rẹ̀ nìkan ni Tómi ní."

Ohun tó bí mi nínú jù ní gbogbo ìrìn-àjò yìí nìyẹn. Mo wá irọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, n kò rí. Mo wá àìgbọ́n, n kò rí.

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o fi mú mi wá síbí? O lè fi fóònù sọ ọ́ bí mo bá ti padà sílé. Ìwọ náà mọ̀ pé n kò gbọdọ̀ wò ó."

Ó ní, "Bí mo bá kú, wọn ò ní jẹ́ kí ẹ wá. Wọn ò ní sọ ibi tí mo wà fún yín. Nígbà tí wọ́n sin ọmọ yín, ọ̀dọ̀ yín ni mò ń gbé. Mo rí bí ẹ ṣe ń rìn kiri ẹ̀yìn ilé, tí ẹ ń wolẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ẹ máa wá mi bẹ́ẹ̀." Ohùn rẹ̀ yí padà. "Mi ò tíì kú báyìí. Kò tíì sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Ilẹ̀ lásán ni, Àǹtí mi. Ẹ lè wò ó."

Òtútù ń mú mi, n kò mì. Mo rò ó títí. Lẹ́yìn náà mo ṣí ìborùn kúrò lójú, mo yí padà, mo wò ó.

Mo bi í pé apá ibo ni orí rẹ̀ á wà. Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka. Mo bi í pé ta ló wà lọ́tùn-ún, ó ka orúkọ ará Ítálì kan fún mi tí ẹnu mi kò lè pè.

Mo ní, "Ṣé àwọn wọ̀nyí á máa kí ọ ṣá, àbí bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú ọkọ̀ ni wọ́n á ṣe?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí koríko. Mo ní, "Dìde, Àjàní. Ilẹ̀ tutù." Mo nawọ́ sí i, mo fà á sókè. Kò wúwo rárá.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Àwọn ẹbí ti pé jọ nígbà tí mo dé Ìkirè. Olórí ẹbí wo ẹ̀yìn mi títí, bí ẹni pé Fẹ́mi ṣì ń sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ó ní, "Òun dà?"

"Kò wá, sà."

"Ìgbà wo ló ń bọ̀?"

"Kò ní bọ̀, sà." Mo ṣàlàyé kíndìnrín fún wọn, mo ṣàlàyé ẹ̀rọ. Wọ́n ní àdúrà ló gbà. Wọ́n ní mo jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí.

Olórí ẹbí ní, "Kí lo wá lọ ń ṣe níbẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Mo ní mo lọ wo òdòdó. Ọ̀rọ̀ yẹn ti kárí ìlú báyìí, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé a rán ìyá ọ̀gá níṣẹ́, ó lọ wo òdòdó. N kò jà sí i. Kí n tó dìde níbẹ̀, olórí ẹbí ní bí ọjọ́ bá pé, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó yá, àwọn á lọ gbé e wá sílé rẹ̀. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ kò ní mọ̀ nípa ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ni ọ́." Mo ní ẹ ṣeun, sà.

Fẹ́mi ṣì ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. N kò tíì ráyè sọ ohun tí mo mọ̀ lójú ẹbí, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ ilé wa, kó lọ kà á fún wọn. Wọn kò ní gbé e wá. Mo ti rí ibẹ̀, ojú mi méjèèjì ni mo fi wò ó, mo sì lè rìn débẹ̀ láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú, èmi ti ń bínú kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Koríko ibẹ̀ mọ́. Òkun ń hàn níbẹ̀, ariwo kò sí. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, àfi pé àbúrò mi ni wọ́n máa gbé síbẹ̀.